Orúkọ Tí Mi Ò Gbọdọ̀ Kọ

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ìdílẹ̀kẹ̀ ṣì wà láàyè. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ ìfárí lọ. Bàbá Dẹ́hìndé tó ń bá wa tún páànù oòrùn ṣe lórí òrùlé ṣì wà láàyè. Ewúrẹ́ mi abilà ṣì wà, igi ìyeyè ẹnu ọ̀nà wa kò tíì wó. Ọkọ mi nìkan ló ti lọ, ọdún kẹtàdínlógún rẹ̀ ló ń lọ yẹn. Àbúrò ọkọ mi, Ajẹfun, náà ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n orí ibùsùn ló wà. Oníṣègùn ti sọ fún wa pé kí á yéé ka oṣù, kí á máa ka ọjọ́.

Tìtorí Ajẹfun ni mo ṣe wà ní Ilé Ẹ̀rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, tí mo dúró níwájú Amòye, ẹ̀rọ tó ń ka ìwé níbẹ̀, bí ọmọ tó fẹ́ gba èsì ìdánwò. Mo ti tẹ́ ìwé ẹ̀rí tí mo kọ nípa ayé Ajẹfun sábẹ́ ojú ẹ̀rọ náà. Iná ojú náà rìn lórí ìwé lọ, ó rìn bọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè pẹ̀lú ohùn dídán tó máa ń lò:

“Àjẹ́ fún, fún mi ní ìwé.”

Àwọn tó jókòó sórí àga gígùn lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó ń jókòó ti Amòye, Ìbídùnní lorúkọ rẹ̀, yí ojú sí mi.

“Ìyá, ta ni àjẹ́ náà?”

“Kì í ṣe àjẹ́, ọmọ mi. Ajẹfun ni. Ẹni tó ń jẹ ẹfun. Ajẹfun fún mi ní ìwé, ohun tí mo kọ nìyẹn.”

“Ẹ ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ni.”

“Ẹni tó kọ́ mi ní ìwé sọ pé kí n kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ ná, pé àmì á bá mi lójú ọ̀nà. Kò tíì bá mi.”

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. “Amòye, Ajẹfun ni èmi kà. Orúkọ ènìyàn ni.”

Iná rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì padà sí àwọ̀ ewé. “Ènìyàn kà á báyìí,” ó ní, “mo gbà.”

Òfin ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lókè orí rẹ̀, èmi gan-an lè kà á: bí ẹ̀rọ àti ènìyàn bá ka ìwé kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti ènìyàn ni kó dúró. Ọdún tí Amòye ka ìwé ogún bàbá kan, tó ka oko sí ọkọ̀, tí ẹni tí wọ́n fi oko kòkó sílẹ̀ fún lọ gba ọkọ̀ tí kò ní táyà, ọdún yẹn ni wọ́n ṣe é.

Mo rò pé ó ti tán. Mo ti ń na ọwọ́ sí ìwé mi nígbà tí Amòye tún sọ̀rọ̀.

“Ọwọ́ kan ló kọ ọ́. Ọwọ́ ènìyàn ni, kálámù jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí a kọ ìwé nípa rẹ̀ kò sí níbí. Ajẹfun kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìlú. Ẹlẹ́rìí tó mọ ènìyàn yóò mọ orúkọ rẹ̀.”

Ìbídùnní ní, “Ìyá, orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n níjọ́ ìsọmọlórúkọ ló ń bèèrè.”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ kọ ọ́ sí i, ká parí ẹ̀.”

“Mi ò lè kọ ọ́.”

“Lẹ́tà rẹ̀ ló ṣòro ni?”

“Kò ṣòro. Ìyàwó ilé ni mí.”

Ó wò mí bí ẹni tó rí ọlọ ìyá rẹ̀ àgbà nínú àkìtàn. “Ṣé ẹ ṣì ń ṣe ìyẹn?”

“Wọ́n ti bí i kí n tó dé ilé wọn. Mo fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, síbẹ̀ ọkọ mi ni. Ọjọ́ tí mo wọlé ìyàwó ni mo fún un ní Ajẹfun. Láti ọjọ́ náà dòní, ọgọ́ta ọdún ó lé, orúkọ rẹ̀ kò bọ́ lẹ́nu mi rí.”

Ó rọra gba kálámù Ilé Ẹ̀rí lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó dá a padà. Kálámù yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún, fún ìwé kan ṣoṣo. Ó ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú ìka ẹni. Bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn án kó fi kọ lẹ́tà kan péré, yóò sọ.

“Mi ò lè bá yín kọ ọ́,” ó ní. “Mi ò sì lè fi ohun tí kò sí nínú ìwé sẹ́nu Amòye. Ohun tí mo bá rí kà jáde níbẹ̀ nìkan ni. Ẹ sì mọ̀ pé Ajẹfun yín gbọ́dọ̀ gbọ́ ìwé náà pẹ̀lú etí ara wọn, kí wọ́n tẹ ìka sí i. Ṣé ara wọn ṣì le?”

“Kò le mọ́.”

“Ẹ yára, Ìyá. Bí wọ́n bá lọ kó tó wọlé, Amòye ni yóò kọ tiwọn.”

Ohun tí mo ń sá fún gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ògúnṣakin, aládùúgbò wa. Ó kú láìní ìwé, Amòye sì kọ ọ́ láti inú gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ti rí tó ṣe láyé, ibi tó rìn dé, oúnjẹ tó rà, wákàtí tó sùn. Ìwé náà dán bí àwo tánganran. Wọ́n fi í sínú ògiri ilé wọn bí wọ́n ti ń ṣe fún ìwé gbogbo òkú, ó sì ń fi ohùn Ògúnṣakin dáhùn bí ọmọ bá bi í ní nǹkan. Lọ́jọ́ kan ìyàwó rẹ̀ bi ògiri pé, báwo la ṣe pàdé? Ògiri ní òjò ló ń rọ̀, òun fi agboorùn bo ọmọge kan. Inú obìnrin náà dùn, ó sunkún. Ìgbà tó yá ló gbọ́ pé ògiri ilé opó méjì mìíràn ládùúgbò wa sọ ìtàn agboorùn kan náà. Ó wá rántí pé nídìí ẹ̀rọ ìlọta ni àwọn ti pàdé, pé ìjà gan-an ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ajẹfun ti sọ fún mi pé, “Ìyàwó wa, bẹ́ ẹ bá jẹ́ kí wọ́n fi mí sábẹ́ agboorùn, n ó máa ti ọ̀run wá fọ́ yín láwo.”

Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, oòrùn ń kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Kí ni ọ̀gá yín wí?” ó bèèrè. Ọ̀gá yín ló máa ń pe Amòye.

Mo sọ ti àjẹ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, mo ní láti gbé e jókòó. Mo wá sọ ti orúkọ. Ìyẹn kò pa á lẹ́rìn-ín. Ó wo òkè àjà pẹ́.

Ogójì ọdún ló fi ṣe akọ̀wé adádúró, kò bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ oṣù rí. Ó kọ lẹ́tà fún ẹni tó ń tọrọ àforíjì, ó kọ ọ̀rọ̀ tí olóyè fẹ́ sọ níjọ́ ìwúyè, ó kọ bí a ṣe ń lo oògùn kòkòrò sára páálí, ó kọ ìwé àwọn ọmọdé. Nígbà tí Amòye dé, tí iṣẹ́ tán nílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Amòye, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn dà á kọ. Òun kò ṣe é. Nígbà tí ìjọba wá ní akọ̀wé gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ, ó ya àwòrán ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ bí wọ́n ti ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n dá a padà: ẹ̀rọ ló ya ọwọ́ yìí. Ó tún un yà, wọ́n tún dá a padà. Ọjọ́ kẹta ló bínú dé ọ̀dọ̀ wọn, ó gbé ọwọ́ náà kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ní kí wọ́n fi ìka ara wọn kà á.

Èmi tí mo ń kọ èyí, kíláàsì kejì ni mo ti fi iléèwé sílẹ̀ ní kékeré. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, mo máa ń jókòó wo ògiri láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ajẹfun gbé síléètì wá fún mi. Ó ní, “Ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ lánàá.” Mo kọ ẹ̀bà. Ó ní, “Ta ló tẹ̀ ẹ́?” Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé tó kọ́ mi kì í jọ ti iléèwé. Ó ní kí n máa ka nǹkan tí kì í ṣe tèmi lójoojúmọ́, kó tilẹ̀ jẹ́ ìwé tí wọ́n fi wé ọṣẹ. Ó ní ìwé dà bí ògì, kí n kọ ọ́ tán kí n bò ó, kí n jẹ́ kó tòrò. Ọ̀la ni kí n wá da omidun orí rẹ̀ nù. Bí mo bá kọ ọ́ tán, kí n má kà á fún ẹni tó jókòó lásán, nítorí ẹni tó jókòó lásán á máa yìn mí. Kí n kà á fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró, kí n má fọwọ́ kàn án. Ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn orin lábẹ́ imú, kí n fa ìlà sí i, kí n yọ ọ́. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí níṣẹ́, ó ní kí n bèèrè ohun mẹ́ta kí n tó dáhùn: ta ni yóò kà á, ọjọ́ wo ni wọ́n ń fẹ́ ẹ, ta ni yóò sọ pé ó tó. “Ẹ̀kẹta yẹn ló ń pa akọ̀wé,” ó ní. “Bí ènìyàn méjì bá ń sọ pé ó tó, kò ní tó láéláé.”

Lọ́jọ́ náà ó wo òkè àjà títí, ó wá ní, “Ọ̀nà kan wà. N ó lọ yí orúkọ mi padà sí Ajẹfun nínú àkọsílẹ̀.”

“Ọjọ́ mélòó ló ń gbà?”

“Mọ́kànlélógún.”

“Ṣé ẹ ó dúró?”

Ó rò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jẹun níbì kan. “Mi ò ní dúró.”

Ìdílẹ̀kẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ti gbọ́. Ó wọlé pẹ̀lú igbá ẹ̀gúsí lábẹ́ apá. “Kọ orúkọ ọmọ náà, ìyàwó. Ta ni yóò mú ọ?”

“Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ mú mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. N ó bú ọ dáadáa, lẹ́yìn náà n ó bá ọ jẹun alẹ́. Ṣé ohun tí ò ń bẹ̀rù nìyẹn? Àwọn ìyàwó ìsinsìnyí ń pe ìyá ọkọ wọn lórúkọ, ilẹ̀ kò lanu.”

Mo ní, “Èmi kì í ṣe ìyàwó ìsinsìnyí.”

“A rí i. Egungun rẹ ń sọ ọ́ bó o bá ń dìde.”

Ajẹfun ní kí ó fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo sì fẹ́ mọ̀, lóòótọ́, kí ló ń dá ọwọ́ mi dúró. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi ìyeyè níbi tí mo ti máa ń kọ̀wé ní àràárọ̀, nítorí Ajẹfun ní ẹni tó dá dúró ni ọ̀gá, òun náà ni ọmọṣẹ́, kí ọ̀gá má jẹ́ kí ọmọṣẹ́ máa wá ibi ìjókòó kiri. Mo gbé kálámù. Mo dárúkọ náà nínú ọkàn mi, lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu lọ. Mo wá rí i pé kì í ṣe ẹ̀rù. Orúkọ yẹn, ti gbogbo ayé ni. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́tà kiri lè pè é, Amòye lè pè é. Ọjọ́ tí mo wọlé ìyàwó, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi wẹ ẹsẹ̀ mi tán, mo gbójú sókè, mo rí ọmọ kan tó fara ti ògiri, ẹnu rẹ̀ funfun báláú. Ṣọ́ọ̀kì iléèwé ló ń jẹ. Ìlú mi ti jìnnà, ìyá mi ti padà, n kò mọ ẹnì kankan nínú ilé náà. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, “Ajẹfun, ẹ kú ilé o.” Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo ní nílé ọkọ. Bí mo bá wá fi orúkọ gbogbo ayé kọ ọ́, ta ni mo kọ?

N kò kọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kálámù á ti gbọ́ ìdákẹ́ mi pẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo ń fi aṣọ tútù nu ọwọ́ Ajẹfun. Ọwọ́ náà ti fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Ó la ojú, ó ní, “Ẹ ṣì ń bá orúkọ jà?”

“Ó kọ̀ láti jáde.”

“Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kọ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ ròyìn nǹkan náà dáadáa, bó ṣe rí gan-an, láìṣe àsọdùn. Bó bá péye, ẹni tó ń kà á ni yóò dárúkọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ lẹ ó fi sọ ọ́.”

Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ó mọ ohun tó ń sọ fún mi, àbí iṣẹ́ lásán ló ń kọ́ mi bó ti máa ń ṣe. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú aṣọ tútù náà. Mo nù ún tán, mo ka ìka rẹ̀ bí ìyá ọkọ mi ti sọ pé agbẹ̀bí kà á, mo sì jáde lọ sábẹ́ igi ìyeyè. Ohun tí mo kọ nìyí:

*Ọjọ́ tí wọ́n bí i, agbẹ̀bí ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó tún un kà. Ọwọ́ òsì pé. Ọwọ́ ọ̀tún lé kan. Ìka kékeré kan so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín bí èso ata. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá orúkọ kiri, ọmọ náà ti mú orúkọ rẹ̀ bọ̀ láti ọ̀run, ọwọ́ ló fi dì í mú. Orúkọ yẹn ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi kò pè é rí, nítorí ìyàwó ilé ni mí, Ajẹfun ni mo ń pè é. Bó bá ń kọ̀wé, ìka kẹfà yẹn kì í ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń fara lé ìwé, bí ẹni tó ń wo ohun tí àwọn márùn-ún yòókù ń ṣe. Akọ̀wé tó mọṣẹ́ jù lọ ní ìlú yìí ni.*

Mo bò ó bí ògì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo gbé e lọ bá Ìdílẹ̀kẹ̀ níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, mo ka gbogbo ìwé náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí mo ti ń sọ iléèwé tó lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn orin. Mo fa ìlà sí i. Kálámù Ilé Ẹ̀rí kì í bínú sí ìlà, wọ́n ní àṣìṣe ni wọ́n fi ń mọ ọwọ́ ènìyàn. Nígbà tí mo dé ibi ìka tó so bí èso ata, mi ò gbọ́ ìró ẹ̀gúsí mọ́. Mo gbójú sókè. Ó di hóró kan mú láàárín ìka méjì, kò bó o.

“Tún ibẹ̀ kà,” ó ní. Lẹ́yìn ìgbà tí mo tún un kà: “Ìyàwó burúkú. O ò pè é, o sì ti pè é.”

Ọjọ́bọ̀ ni mo padà sí Ilé Ẹ̀rí. Ajẹfun kò jẹ nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi nìkan ló gbà, ṣíbí méjì. Mo sáré débi tí àgbà lè sáré dé.

Amòye ka ìwé náà sókè, kò pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ka ti ṣọ́ọ̀kì, ó ka ti síléètì. Nígbà tó dé ibi ọwọ́, iná rẹ̀ pọ́n, kò sì padà.

“Ìka mẹ́fà,” ó ní. “Ọwọ́ ènìyàn kì í ní ìka mẹ́fà. Àmì iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Orúkọ kò sì sí síbẹ̀. Mo kọ̀ ọ́.”

Mo di etí tábìlì mú. Ìbídùnní na ọwọ́, ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ ojú Amòye, ó gbé e sún mọ́ ojú ara rẹ̀. Ó ń kà á jẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé ibi kan, ó padà sẹ́yìn.

“Ìyá, ọwọ́ ọ̀tún?”

“Ọwọ́ ọ̀tún.”

“Tí wọ́n bá bí ọmọ báyẹn…” Ojú rẹ̀ là. Ó pe orúkọ náà.

Ó pè é ketekete. Lẹ́yìn mi, bàbá arúgbó kan lórí àga gígùn náà pè é, ó ní, “Òun náà ni.” Obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan pè é pẹ̀lú. Ẹnu mẹ́ta ló pè é láàárín ìṣẹ́jú kan, mo sì dúró síbẹ̀, ètè mi pa dé.

Amòye ní, “Níbo ni ẹ ti kà á?”

Ìbídùnní fi ìka kan ibẹ̀. “Níbí.”

“Lẹ́tà orúkọ náà kò sí níbẹ̀.”

“Lẹ́tà kò sí. Orúkọ wà. Mo kà á.”

“Ìka mẹ́fà kì í ṣe ti ènìyàn.”

Bàbá arúgbó náà ní, “Bá a wí. Bi í pé ọwọ́ mélòó ni òun tìkára rẹ̀ ní.”

Iná náà ṣì pọ́n, ó pẹ́. Mo wo òfin tó wà lára ògiri, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún un kà. Lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé dé.

“Ènìyàn kà á báyìí,” Amòye ní, “mo gbà.” Ó wá fi ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí bèèrè pé, “Báwo lẹ ṣe kà á?”

Ìbídùnní ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì kó lè bá mi délé. Ìwọ tó ń ka èyí, ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà ti pè é. Má pè é sí mi létí.

Ìbídùnní ló jẹ́rìí nígbà tí mo ka ìwé náà fún Ajẹfun. Ó dijú, mo rò pé ó ti sùn, àfi nígbà tí mo dé ìlà tó kẹ́yìn.

“Ẹ yọ ìyẹn.”

“Èwo?”

“Akọ̀wé tó mọṣẹ́ jù lọ. Ìyìn ni. Ẹni tó bá ti rí ọwọ́ náà kò nílò rẹ̀.”

Mo ní, “Òótọ́ ni mo kọ.”

“Òótọ́ ni. Ẹ yọ ọ́.”

Òfin gbà kí ẹni tó ni ìwé yọ nǹkan, kò gbà kó fi kún un. Mo fa ìlà sí i. Ìbídùnní gbé pádì ìtẹ̀ka síwájú rẹ̀, ó ní kó fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́. Ajẹfun wo pádì, ó wo ọmọbìnrin náà. Ó yí ọwọ́ ọ̀tún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìka kékeré tí kò ṣiṣẹ́ rí ló fi tẹ ìwé. “Ó ti wò tó,” ó ní. Ìbídùnní kò bá a jiyàn. Ó ká ìwé náà, ó gbé e lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ajẹfun lọ, oòrùn wà láàárín òkè. Èémí rẹ̀ ń jìnnà síra. Ìdílẹ̀kẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ rẹ̀ kó lè padà, Bàbá Dẹ́hìndé sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé, ó bá a pè é, àwọn ará ilé yòókù gbà á, gbogbo yàrá ń pe orúkọ náà, tí mi ò lè bá wọn pè é. Mo tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Mo ní, “Ajẹfun.”

Ó la ojú kan.

“Ìyàwó wa,” ó ní. “Ẹ kà á.”

Ìwé ti wà ní Ilé Ẹ̀rí, ṣùgbọ́n mo ti kà á fún ẹ̀gúsí, mo ti kà á fún ẹ̀rọ, ó ti wà lórí mi. Mo kà á látòkè, ti ṣọ́ọ̀kì, ti síléètì, ti ẹ̀bà tí mi ò mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn yòókù yéé pe orúkọ. Nígbà tí mo dé ibi ìka tó fara lé ìwé, ọwọ́ rẹ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ọwọ́ mi dúró. Mi ò gbójú sókè. Òun ló kọ́ mi pé ibi tí ọwọ́ bá ti dúró, kí n má fọwọ́ kàn án. Mo ka èyí tó kù parí.